Imú Ìyàwó Òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ ti rí ọmọ èèyàn tó ń bá òkúta jowú rí? Àwa rí i ní Roccamarina, ìlú wa létí òkun. Ó ní irùngbọ̀n, ó ní ipò, bàtà rẹ̀ sì máa ń ké kíyẹ́n-kíyẹ́n bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. Orúkọ rẹ̀ gùn débi pé bí obìnrin bá gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, ẹ̀wà á ti rọ̀ kí wọ́n tó pè é dé ìdí. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: Ẹni-Ọ̀wọ̀ Jù Lọ, Cavaliere Ermenegildo Spadavecchia, Ọ̀gá Àgbà Ilé Ère, Alábòójútó Gbogbo Òkúta Àtayébáyé, Ojú Ọba ní Etíkun.

Nítorí pé mi ò ní ẹ̀wà lórí iná, Don Ermenegildo ni màá máa pè é.

Ilé ère yẹn, ibùgbé àwọn àlùfáà ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ère funfun tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ ló kún inú rẹ̀: ọba tí kò lápá, jagunjagun tí kò lórí, ẹṣin tó ku ìdí nìkan. Èyí tí gbogbo ìlú fẹ́ràn jù ni ọmọbìnrin kan tó fi ìbòjú borí, tó tẹ orí ba díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà lé ọkọ lọ́wọ́. Ìyàwó là ń pè é. Ó ti sùn nínú ilẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, síbẹ̀ kò sí ohun tó ṣe é. Ètè rẹ̀ pé, imú rẹ̀ pé.

Bàbá obìnrin kan tí à ń pè ní Donna Menica ló fi ọkọ́ kàn án nínú ilẹ̀ nígbà tó ń gbin àjàrà. Ìjọba gbé ère lọ, wọ́n ní kí bàbá gba ọpẹ́. Nígbà tí bàbá kú, wọ́n fi Menica ṣe agbálẹ̀ ilé ère, wọ́n fún un ní yàrá kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, òun àti Màmá Orsola ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọdún mọ́kànlélógún ni Menica fi ń nu Ìyàwó lójú láràárọ̀ pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Iṣẹ́ yẹn àti yàrá yẹn, gbogbo ohun tó ní láyé nìyẹn.

Ìgbà tí Don Ermenegildo dé láti Naples, ọjọ́ kẹta ló ṣòfin àkọ́kọ́. Ó rìn yíká gbọ̀ngàn, ó gbójú sókè títí ọrùn fi ń dùn ún.

"Ta ló gbé àwọn wọ̀nyí ga jù mí lọ?"

Akọ̀wé rẹ̀, Don Placido, tẹrí ba. Ọkùnrin yìí, tí ẹ bá tì í lu ògiri, ògiri ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún. "Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ará àtijọ́ ni, Olúwa mi. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀."

"Kò sí òkúta tí yóò máa wò mí láti òkè. Ẹ gé ìdí wọn kúrú!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn mọlémọlé fi ń fi ayùn rẹ́ ìdí tí àwọn ère dúró lé. Eruku bo ojú àwọn ọba. Nígbà tí wọ́n parí, Ìyàwó ti sọ̀ kalẹ̀ débi pé ojú rẹ̀ bá ojú Don Ermenegildo dọ́gba, ọwọ́ èèyàn sì lè kan orí rẹ̀. Menica wò ó, ó ní, "Ẹ ti sọ ọmọ yìí di ẹni tí gbogbo ọwọ́ lè tó." Ta ní ń dá agbálẹ̀ lóhùn?

Òfin kejì, ti Don Placido ni. Níbikíbi tí ojú Ọ̀gá bá ti yọ, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí Placido ké orúkọ rẹ̀ láti orí dé ìdí, láì fo oyè kankan. Ojú náà ìbáà yọ lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà yọ lójú fèrèsé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Placido gbọ́dọ̀ ké. Ọdún méje ló fi ké e. Ní ọjọ́ Jímọ́ Rere kan, tí gbogbo ìjọ dákẹ́ rọ́rọ́, tí àlùfáà dojú bolẹ̀, Don Ermenegildo yọrí lẹ́yìn òpó ṣọ́ọ̀ṣì láti wò bóyá wọ́n ń wo òun. Ṣé kí n sọ fún yín bí ó ṣe lọ? Àlùfáà dìde wùyà, ó rò pé àjíǹde ti dé ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n rẹ́rìn-ín. Placido kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe òun ló ń ké e mọ́, ẹnu òun ló ń dá a ké.

Nínú oṣù karùn-ún ọdún keje yẹn ni lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba. Wọ́n fẹ́ ṣe ìwé ńlá kan tí àwòrán gbogbo ère yóò wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà o. Fọ́tò ni, ohun tuntun tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣiṣẹ́. Ayàwòrán náà dé pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ru àpótí, ẹsẹ̀ igi mẹ́ta, aṣọ dúdú tí yóò máa fi borí, àti ìgò oògùn. Liborio Accetta lorúkọ rẹ̀. Oògùn fọ́tò ti sọ ọmọ ìka rẹ̀ di dúdú bí ti ẹni tó ń ta èédú.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni Don Ermenegildo fi kí i káàbọ̀. Ó ní oòrùn ń ràn sí òkúta, òun sì ń ràn sí àwọn tó ń ṣọ́ òkúta, nítorí náà òun àti oòrùn, ẹgbẹ́ ni wọ́n, àfi pé oòrùn máa ń wọ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sùn lórí ìdúró. Ìgbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó ní kí Liborio ṣàlàyé àpótí náà.

"Ọ̀gá, kò le," ni Liborio wí. "Inú gbọ̀ngàn yín ṣókùnkùn, nítorí náà wákàtí kan gbáko ni àpótí fi ń wo ère kan. Tí mo bá ti ṣí ìdérí ojú rẹ̀ báyìí, ó ti ń wò nìyẹn, mo wà níbẹ̀ o, mi ò sí níbẹ̀ o..."

"Mo mọ̀, mo mọ̀! Ìgbà tó o bá ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú ló ń wò. Orí rẹ ni ọpọlọ rẹ̀."

"Rárá, Ọ̀gá, ìyẹn kàn wà fún kí n lè..."

"Placido! Ṣé mo mọ̀ ọ́n tàbí mi ò mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kan àpótí, Olúwa mi."

Liborio padà sídìí ìgò oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ gbogbo nǹkan, ìrìn àjò rẹ̀ ti tán. Ó ku kó ṣubú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Don Ermenegildo pàṣẹ pé ojú ìwé kìíní ìwé Ọba, òun àti Ìyàwó ni yóò wà níbẹ̀. Liborio họ orí.

"Ó ṣeé ṣe, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin wákàtí, ẹ ò gbọ́dọ̀ mira. Ẹni tó bá mira, àpótí ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ wo Donna Menica yìí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń gba iwájú àpótí kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kò sí nínú fọ́tò kankan. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, àpótí kì í rí i."

Menica ò tiẹ̀ gbé orí sókè. "Àbúrò," ó ní, "kì í ṣe àpótí nìkan."

Láti ọjọ́ yẹn ni Don Ermenegildo ti ń fi ìdúró dánra wò. Ó dúró níwájú dígí, ó dúró nídìí oúnjẹ títí ọbẹ̀ fi tutù. Eṣinṣin bà lé e nímú, kò lé e. Placido ń fi aago ka ìṣẹ́jú fún un. "Òkúta ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára yín, Olúwa mi!" Ìdúró yìí nìkan ni iṣẹ́ tí ọkùnrin náà kọ́ yanjú láyé rẹ̀. Ẹ rántí èyí náà.

Ọjọ́rú ni ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ ṣẹlẹ̀, lásìkò tí oòrùn wà ní àtàrí, tí gbogbo ìlú ti ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń sùn. Liborio gbé àpótí ka iwájú Ìyàwó, ó ṣí ìdérí ojú rẹ̀, ó lọ jẹ makaróní létí òkun. Menica ti gbọ̀ngàn, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ lóúnjẹ. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà fún gbọ̀ngàn yẹn. Ọ̀kan wà lára Menica. Èkejì wà nínú àpò ẹnì kan tí kò sẹ́ni tó jẹ́ tú àpò rẹ̀ wò. Èmi ò tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Màmá Orsola gbé ṣíbí dúró lẹ́nu. "Menica, ta ló ń rìn lókè?"

"Kò sẹ́nì kankan, Màámi. Gbogbo ayé ń sùn."

"Ẹni tó ń sùn kì í wọ bàtà tó ń ké bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀."

Ìgbà tí Menica tẹ́tí, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Òkè dákẹ́, ó dákẹ́, ó tó ìgbà tí èèyàn lè fi ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà kan tán. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ tún ní òun gbọ́ "pá" kan, bí ẹni dá igi gbígbẹ, tí bàtà sì sáré. Menica rẹ́rìn-ín. Ó ní etí arúgbó a máa dá ìtàn sọ. Yóò kábàámọ̀ ẹ̀rín yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Liborio padà dé. Oòrùn ti kún un lójú, kò rí nǹkan kan nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn. Ó táràrà dé ojú àpótí, ó gbé bébà fọ́tò náà nínú ìdìpọ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá oògùn. Kò tíì jáde nígbà tí Don Ermenegildo wọlé ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ayẹyẹ, tí Placido ké orúkọ rẹ̀ dé ìdí, tí Ọ̀gá fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka, tó figbe ta.

Ìyàwó ò nímú mọ́.

Ibi tí imú ti wà, egbò funfun ló kù, bí ibi tí wọ́n ti bu àkàrà jẹ. Menica sáré wọlé, ó rí i, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú ère náà bí ẹni ń bo ọgbẹ́ ọmọ.

"Ẹ wò ó!" ni Don Ermenegildo wí. "Àánú ìkà! Placido, wo inú garawa rẹ̀."

Placido ki ọwọ́ bọ garawa ìdọ̀tí. Ó yọ imú jáde.

Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, ẹ ti ń béèrè bí ó ṣe mọ̀ pé garawa ni kí wọ́n wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Menica béèrè. "Ọ̀gá, ìgbà tí mo jáde, imú wà lójú rẹ̀. Ta ló sọ fún yín pé ó wà nínú garawa mi?"

"Ọgbọ́n! Ọgbọ́n ló sọ fún mi! Ìgbálẹ̀ rẹ lo fi ṣá a. Lọ́jọ́ Sátidé, Ìgbìmọ̀ Ọba ń bọ̀. Níwájú wọn lo máa tẹ ìka sábẹ́ ìwé ìjẹ́wọ́ pé ìwọ lo ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ̀wọ̀n. Yàrá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo nílò rẹ̀ fún àwọn fìlà mi."

"Ìyá mi ńkọ́, Ọ̀gá? Ojú rẹ̀ fọ́."

"Ojú tó fọ́, kò mọ ilé yàtọ̀ sí ìta."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Mi ò fi iyọ̀ kún un.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Menica ń di ẹrù. Ẹrù náà ò pọ̀, aṣọ méjì àti ìkòkò kan. Màmá Orsola jókòó sórí àga, ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń dì í.

"Tú u," ni ìyá wí.

"Màámi, ta ló máa gbà mí gbọ́? Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Imú wà nínú garawa mi."

"Mo ní kó o tú u. Bàbá rẹ hú ère yẹn jáde nínú ilẹ̀ láì fi ọkọ́ ha á lára. Ọmọ rẹ̀ ò ní fi ìgbálẹ̀ já a nímú. Má tẹ ìka sábẹ́ ohun tó ò mọ̀. Ẹni tó wọ bàtà yẹn, ilẹ̀ ló ń tẹ̀, ilẹ̀ á sì sọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Liborio wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ó mú bébà fọ́tò Ọjọ́rú dání, ìrísí ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé eegun ẹja mì. Menica ń nu ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé: bébà tó bá ti inú àpótí jáde, gbogbo nǹkan ló yí padà lára rẹ̀. Ohun tó dúdú á funfun, ohun tó funfun á dúdú. Ìgbà tí wọ́n bá fi tẹ bébà tuntun nínú oòrùn ni àwòrán gidi tó jáde.

Lára bébà yìí, Ìyàwó dúdú bí èédú. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹnì kan dúró, ó rí bí èéfín, èèyàn lè rí ògiri gba inú rẹ̀ kọjá. Ojú rẹ̀ dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú.

"Ọ̀gá," ni Liborio wí, "ó dáa ká jọ wo èyí ní kọ̀rọ̀ kí..."

Don Ermenegildo já a gbà. Ojú rẹ̀ là. "Ẹ̀mí ni! Placido, wá wo bàbá onírùngbọ̀n funfun! Ọba àtijọ́ ló jí wá! Ó gbọ́ pé mo wà níbí!"

"Ta ni ì bá tún wá kí, Olúwa mi?"

"Ọ̀gá, ẹ rántí pé funfun ń di dúdú, pé..."

"Mo mọ̀, mo mọ̀! Ní Sátidé, nínú àgbàlá, níwájú Ìgbìmọ̀ àti gbogbo ìlú, èyí gan-an lo máa tẹ̀ nínú oòrùn. Èyí gan-an! Kí Ọba mọ̀ pé àwọn òkú ọba ń wá júbà mi."

Liborio wo Menica. Ó rọra béèrè bí ẹni tí kò béèrè nǹkan kan: "Donna Menica, ṣé ẹ mọ onírùngbọ̀n funfun kankan nílé yìí?"

Menica fún aṣọ rẹ̀ sínú garawa. "Rárá o. Dúdú nìkan ni mo mọ̀, èyí tí wọ́n ń fi èédú àti òróró kùn láràárọ̀. Èmi ni mò ń fọ ìrọ̀rí rẹ̀."

Don Ermenegildo ò gbọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

Sátidé dé. Gbogbo ìlú kún àgbàlá, àwọn apẹja, àwọn aláṣọ, kódà àlùfáà ọjọ́ Jímọ́ Rere. Olórí Ìgbìmọ̀ ni Marchese Guarracino, àgbàlagbà ìjòyè kan tó ń bínú sí ooru, tó ń bínú sí ẹṣin, tó sì ń bínú jù lọ sí ọ̀rọ̀ gígùn. Don Ermenegildo sì fún un ní ọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní obìnrin ìkà kan ti ba ẹwà Roccamarina jẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọba àtijọ́ ti rán ìkọ̀ wá tu òun nínú. Wọ́n gbé ìwé ìjẹ́wọ́ síwájú Menica pẹ̀lú tàdáwà. Àwọn ọlọ́pàá méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Màmá Orsola di aṣọ ọmọ rẹ̀ mú lẹ́yìn.

"Tẹ̀ ẹ́," ni Marchese wí. "Ooru ń mú."

"Ọ̀gá mi," ni Menica wí, "àpótí yẹn wà níwájú Ìyàwó lọ́jọ́ tí imú rẹ̀ já. Ẹ jẹ́ kí àwòrán jáde tán. Tí ẹ bá rí èmi níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni màá tẹ̀."

Marchese wo Liborio. Liborio mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Jẹ́ kó jáde," ni Marchese wí.

Liborio fi bébà náà lé bébà tuntun nínú férémù, ó gbé e sínú oòrùn. Don Ermenegildo ní kí Placido dúró tì í, kó máa sọ fún ará ìlú ohun tó ń yọ. Ojú Placido ò ríran jìnnà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú tirẹ̀ kan bébà. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀, Liborio a ṣí apá kan ẹ̀yìn férémù kó lè wò ó.

"Ìyàwó ti ń yọ!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

"Ọba àtijọ́ náà ń yọ! Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jáde. Ó... ó wọ bàtà."

"Bàtà tó dáa!" ni Don Ermenegildo wí.

"Ó wọ kóòtù. Bọ́tìnnì mẹ́fà."

Marchese yí ọrùn. "Àwọn ará àtijọ́ ní bọ́tìnnì?"

Apẹja kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó lè jẹ́ pé télọ̀ wọn ló jí ṣáájú!" Ẹ̀rín sọ.

"Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́rùn Ìyàwó," ni Placido ń wí lọ, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ó gbá a mọ́ra. Ọwọ́ kejì... ọwọ́ kejì di imú rẹ̀ mú, bí ẹni ń di igi mú kó má ṣubú."

Ẹ̀rín dá. Don Ermenegildo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, bàtà rẹ̀ ké kíyẹ́n.

"Òun nìyẹn," ni Màmá Orsola wí, sí etí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ pa á dé!" ni Don Ermenegildo pariwo. "Oòrùn ti pọ̀ jù! Ẹ ó ba iṣẹ́ Ọba jẹ́! Èmi ni mo mọ̀..."

"Fi sílẹ̀," ni Marchese wí. Ó ti dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò rántí ooru. "Ìwọ akọ̀wé, mo ń bi ọ́. Ta ló já imú ère yìí?"

Placido mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú férémù, irùngbọ̀n ń dúdú bọ̀, iwájú orí ń là, ojú méjèèjì ń là, títí ojú fi yọ tán pátá, tó sì ń wò ó. Ọdún méje sì ni ọdún méje. Ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, àyà rẹ̀ yọ síta, ẹnu rẹ̀ dá a ké, láti orí dé ìdí, kò fo oyè kankan, gbogbo Roccamarina sì gbọ́ ọ dé etí òkun:

"Ẹni-Ọ̀wọ̀ Jù Lọ, Cavaliere Ermenegildo Spadavecchia, Ọ̀gá Àgbà Ilé Ère, Alábòójútó Gbogbo Òkúta Àtayébáyé, Ojú Ọba ní Etíkun!"